Agboòrùn Ọ̀gá Ilé-Ìwé

Fàósátù ló bẹ́ láti orí òrùlé kíláàsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ Mùktárù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n ti bá agboòrùn ọ̀gá ilé-ìwé tó ti ṣẹ́. Ọmọbìnrin náà fẹ́ fi agboòrùn náà fò bí àwòdì ni. Ó já lulẹ̀, ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ aṣọ rẹ̀, ó sì sá gba ẹ̀yìn ṣáláńgá lọ. Mùktárù tó sáré wá ṣa agboòrùn ló kù síbẹ̀. Wọ́n nà án, wọ́n sì lé e kúrò nílé ìwé. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ń retí kí ẹni tó ṣe é fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó retí rẹ̀ títí irùngbọ̀n fi hù ú, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Lónìí, lọ́dún 1976, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n há a mọ́. Ìyá rẹ̀ wà lọ́tùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé, ọ̀gá ilé-ìwé tuntun, wà lósì. Tábìlì dí i níwájú, ògiri dí i lẹ́yìn, ọrùn bùbá tí wọ́n yá fún un sì ń fún un pinpin. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ Fàósátù sọ kíláàsì tuntun. Òun lobìnrin àkọ́kọ́ láti Múṣin tó ń wa bàálù. Nínú eruku ọyẹ́ tó lé àwọn ọkùnrin padà ló ti rọra balẹ̀ sí Kánò, tí ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ní Pápá Àjàó tí Mùktárù ti ń jó irin, àwọn ọmọbìnrin ò ṣeré ìyàwó mọ́; orí ọkọ̀ rẹ̀ tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ti ń wa bàálù. Ó ń lé wọn, wọ́n ń padà wá.

“Màmá, mo fẹ́ lọ tọ̀.”

Ìyá di etí bùbá rẹ̀ mú. “Tọ̀ ọ́ sí ṣòkòtò. Nígbà ìsìnkú bàbá yín, o sá fún àbúrò rẹ. Nígbà tó mú ọkọ wálé, o sá fún un. Tòní, ẹ ó jọ jókòó. Kí lọmọ yìí tiẹ̀ ṣe fún ọ?”

“Ẹ bi í.”

“Mo ti bi í. Ó ní kò sí nǹkan kan.”

Mùktárù mi orí. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọ̀gá ilé-ìwé dìde. “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi Kápútéènì Fàósátù ṣe àwòkọ́ṣe. Nígbà tó wà níbí, kò rú òfin kankan rí.”

Ẹ̀rín gbígbẹ bọ́ lẹ́nu Mùktárù. Ìyá fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Ṣùgbọ́n Fàósátù, tó jókòó síwájú àwọn ọmọ, ti gbọ́ ọ. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ká ìwé tó fẹ́ kà, ó fi í sápò.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo rú òfin.”

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

“Mo jí agboòrùn ọ̀gá, mo gun òrùlé yìí, mo bẹ́. Bọ̀dá mi tó jókòó yẹn ni wọ́n nà. Òun ni wọ́n lé. Ẹ̀yìn ṣáláńgá ni mo wà, mò ń gbọ́ bí ẹgba ṣe ń ró.”

Ọwọ́ Ìyá kúrò létí bùbá. Ọ̀jẹ̀túndé fa àga rẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀nà sì là títí dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Mùktárù wo ọ̀nà náà. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ọwọ́ tó wa bàálù la eruku ọyẹ́ kọjá di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú pinpin. Pẹ̀lú gbogbo ibi tó ti fò dé, kò tíì kúrò lẹ́yìn ṣáláńgá náà.

Mùktárù kò dìde.

“Bọ̀dá mi,” ni Fàósátù wí, “èmi ni.”