Aṣọ Àpò Ìyẹ̀fun Lórí Ọkọ̀ Olútúndé

N kò fi ojú ènìyàn gidi wo Olútúndé rí. Bí kì í bá ṣe pé òun ni Solange àbúrò mi fẹ́, n kò ní jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀bù mi ní Abobo, níbi tí mo ti ń rán ìjókòó ọkọ̀ àti ìbora ẹrù. Ọkọ̀ akẹ́rù bâché ògbólógbòó kan ló fi ń kó obì láti Anyama lọ sí Bouaké. Bí ẹ bá gbọ́ bí ó ṣe ń fọ́nnu, ẹ ó rò pé ọkọ̀ òfuurufú ló ń wà.

Ní ọdún tí owó sẹ́fà wó, epo di ọ̀wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni epo tán mọ́ ọn nídìí lọ́nà, tí obì gbẹ sínú oòrùn. Kassim tó ni obì kìlọ̀ fún un pé bí ó bá tún pẹ́ dé, awakọ̀ mìíràn ni òun máa gbé ẹrù fún. Iṣẹ́ yìí nìkan sì ni Solange àti ọmọ mẹ́ta ń jẹ.

Solange bẹ̀ mí, mo lọ wo ọkọ̀ náà. Apẹ̀rẹ̀ obì ga ju orí ọkọ̀ lọ, ó dúró gbagidi bí ògiri, afẹ́fẹ́ sì ń tì í sẹ́yìn, ìyẹn ló ń jẹ epo. Ẹni tó bá ti ru pákó gbọọrọ rí lọ́jọ́ afẹ́fẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Mo ṣa àpò ìyẹ̀fun tí oníbúrẹ́dì dà nù, mo tú wọn, mo rán wọn pọ̀. Mo fi ọparun gbé aṣọ náà láti iwájú orí ọkọ̀, ó gun apẹ̀rẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn. Mo so ó le dandan kí afẹ́fẹ́ má baà ríbi wọlé.

Olútúndé rẹ́rìn-ín. "Tantie, iléèwé wo lẹ ti kọ́ èyí? Aṣọ búrẹ́dì lórí ọkọ̀ patron, ọkọ̀ ọ̀gá!"

"Iléèwé tí o kò lọ," ni mo dá a lóhùn.

Ó dé Bouaké, epo ṣẹ́ kù. Ṣé ó wá dúpẹ́? Dúpẹ́ kẹ̀! Ó ní ẹsẹ̀ òun ló mọ ọkọ̀ í tẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ PATRON OLOUTOUNDÉ sí iwájú aṣọ náà. Ṣùgbọ́n aṣọ tó dà gẹ̀rẹ́ kò ṣeé kà lókèèrè. Ni ọ̀gbẹ́ni bá yọ ọparun mi sọ nù, ó kan pátákó ní òòró sórí ọkọ̀, ó sì fa aṣọ bò ó, kí gbogbo ayé lè rí orúkọ rẹ̀. Solange ní kí ó kọ́kọ́ fi hàn mí.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ń ránṣọ," ó ní. "Èmi, je conduis! Èmi ń wakọ̀!"

Afẹ́fẹ́ kọ lu pátákó, ó wọ abẹ́ aṣọ, ó fẹ́ ẹ wú. Kí ó tó dé Toumodi, aṣọ ti ya, epo ti tán. Ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn èrò tó ń kọjá sì ń ka orúkọ rẹ̀. Àṣejù, baba àṣeté.

Kassim kò bá a jà. Ó kàn gbé ẹrù fún Sànní, awakọ̀ ará Anyama. Ọjọ́ kejì, Sànní wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní irú aṣọ tí mo kọ́kọ́ rán fún Olútúndé lòun fẹ́. Mo gbà á lójú ẹsẹ̀.

Mo ń wọn aṣọ náà lọ́wọ́ nígbà tí Solange wọlé. Ó wo àpò ìyẹ̀fun nílẹ̀, ó wo Sànní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹrù Kassim ni wọ́n máa fi bò?"

Èébú ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Láti ìgbà tí Sànní ti dé, inú mi ń dùn pé Olútúndé tẹ́. N kò tilẹ̀ rántí àwọn ọmọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

Solange gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó di etí kejì aṣọ náà mú, ó fà á kí ó gún.

"Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa," ó ní. "Màá bá yín rán an. Ẹ ṣáà fún mi lówó ìrẹsì."