Àyè Ìyàwó Kan

Àbúrò mi ni Jímọ́ọ̀, ọmú kan náà la mu, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra rẹ̀ bí mo bá ń sọ ohun tó ṣe. Nígbà tí ọkọ mi kú ní Ìlọrin, ilé baba wa ní Ìlọ́fà ni mo padà sí. Mo bá Jímọ́ọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó méjì àti oko kajú tí baba wa fi sílẹ̀. Falilat ni ìyálé, Misturah ni ìyàwó. Bí mo ṣe jẹ́ obìnrin tó yìí, ọkọ ni àwọn méjèèjì ń pè mí, torí pé ọmọ ilé ni mí. Wọn ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ mi, Memunat. Eyínfúnjowó ni wọ́n sọ mí, bẹ́ẹ̀ eyín iwájú mi ti yọ lọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Misturah ló fún mi lórúkọ yẹn. Ó fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́ ni, inú mi sì máa ń dùn sí i.

Ilé wa kì í ṣe ilé ìjà. Falilat kì í pariwo, Misturah ló sì ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín. Ohun tó wà nílé wa ni ètò. Bí a bá pa àgbò Iléyá, ìyálé ló ń kọ́kọ́ mú. Bí aṣọ bá dé láti Ìlọrin, ìyálé ló ń kọ́kọ́ yàn. Bí Jímọ́ọ̀ bá ti oko gbé iṣu dé, iwájú Falilat ni yóò sọ ọ́ sí, Falilat ni yóò sì pín in. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, ó sì ti gbà wá lọ́wọ́ ariwo púpọ̀, n kò ní parọ́.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn òṣìṣẹ́ inṣọ́ránsì ìlera wá sí iwájú gbọ̀ngàn ìlú. Wọ́n ní ilé tó bá wọ inú ètò náà yóò gba káàdì, gbogbo ará ilé tó wà lórí káàdì yóò sì máa gba ìtọ́jú ní ọsibítù láìtún sanwó ní ẹnu ọ̀nà. Baba, ìyàwó kan, ọmọ mẹ́rin. Ọkùnrin kan béèrè pé ẹni tó ní ìyàwó méjì ńkọ́. Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí èkejì lọ dá tirẹ̀ kọ lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó dá wà. Mo ti wà lábẹ́ igi náà nígbà yẹn. Opó ni gbogbo wa tó tò síbẹ̀.

Misturah ti lóyún. Nígbà tó bí Hùmúàní, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ débi pé Ìlọrin ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára kó tó yè é. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nílé wa. Ẹni tó bá ní làákàyè mọ ẹni tí káàdì yẹn tọ́ sí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi pín in bí ẹni ń pín ẹran Iléyá: ó ní kí Falilat bọ́ síwájú. Falilat, tó ti ṣíwọ́ ọmọ bíbí, tí kò ní ju ẹ̀jẹ̀ ríru lọ, bọ́ síwájú, wọ́n sì yà á ní fọ́tò. Jímọ́ọ̀ mọ̀ pé bí òun bá ti ìyàwó ṣáájú ìyálé lójú ìlú, kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á ti máa sọ ọ́ láti Ìlọ́fà dé Ìdófin pé Misturah ti fún òun ní nǹkan jẹ.

Misturah kò bínú. Ó yọ́ wá bá mi lábẹ́ igi, ó ní owó gàrí òun wà lọ́wọ́ òun, òun fẹ́ dá tòun kọ. Kò tíì dé ìdí tábìlì tí Jímọ́ọ̀ fi rí i. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn wá dúró tì í.

"Ṣé mo ti kú ni?" ó ní. "Ùyàwó mi á wá tò sáàrin opó?"

Misturah kúrò lórí ìlà. Inú bí mi débi pé n kò bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé, nígbà tí mo sì sọ ọ́, mo sọ ọ́ dáadáa. Mo ní orí rẹ̀ kò pé. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé bí kajú bá ti tà, òun fúnra òun yóò wá nǹkan ṣe sí i. Kajú tà, ó fi kan páànù ilé.

Falilat ló mú ìmọ̀ràn wá, inú rere ló sì fi mú un wá, kí ẹ má ṣì í gbọ́. A ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kan, ó nu ọwọ́, ó gbé káàdì rẹ̀ lé itan Misturah. Ó ní fọ́tò tó wà lára rẹ̀ dúdú débi pé ìyá tó bí òun kò lè dá òun mọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni. Hìjáàbù àti imú nìkan ló hàn.

"Éè sí ohun tó jẹ́ temi tí éè jẹ́ tìẹ nínú ulé yìí," ó ní. "Mú un."

Bí Misturah ṣe di Falilat nìyẹn ní ọsibítù kékeré kan lójú ọ̀nà Ọ̀sí. Ìyálé rẹ̀ kọ́ ọ ní ọjọ́ orí, ó kọ́ ọ ní orúkọ baba, ó kọ́ ọ pé ọmọ mẹ́rin ni kó sọ pé òun ti bí. Nílé, Misturah á fi í ṣeré. Á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á máa rìn jẹ́jẹ́ bíi Falilat, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Falilat fúnra rẹ̀ ló máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Ìdájí ọjọ́ Àlàmísì ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Falilat bá a wọlé, èmi dúró níta pẹ̀lú Hùmúàní. Lẹ́yìn náà ni Falilat sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá fún mi. Nọ́ọ̀sì náà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ti yọ ọ́ lẹ́nu rí lẹ́yìn ìbímọ. Ó ní bó bá ti ṣẹlẹ̀ rí, kó sọ nísinsìnyí, nítorí pé àwọn kò ní ẹ̀jẹ̀ nípamọ́, àwọn á tètè gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kó tó bí. Misturah wo ojú ìyálé rẹ̀. Bó bá sọ ti ara rẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ni káàdì, wọ́n lè gba káàdì náà lọ́wọ́ gbogbo ilé, tọmọtọmọ. Falilat gbójú sílẹ̀. Ìbímọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tirẹ̀ rọrùn bí ẹni mu omi.

"Rárá, mà," ni Misturah sọ. "Mẹ́rin ni mo ti bí, kò sí ìdààmú kankan."

Ó bí ọkùnrin. Mo gbọ́ igbe ọmọ náà níta, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò pẹ́ ni wọ́n ní kí Falilat jáde wá bá wa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wọlé sáré jáde. Ebenezer tó máa ń fi mọ́tò kó iṣu gbé mọ́tò rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró. Wọn kò gbé ẹnikẹ́ni jáde fún un. Nọ́ọ̀sì náà ló jáde, aṣọ rẹ̀ ti rin. Ó béèrè ta ni ará Falilat. Falilat dìde. Nọ́ọ̀sì di èjìká rẹ̀ mú.

"Ẹ má bínú, mà. Falilat ti kú."

"Ẹ ṣé, mà," Falilat ní.

Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín. Áfáà pe orúkọ rẹ̀ gan-an létí sàréè, ṣùgbọ́n orúkọ ìyálé rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọsibítù. Jímọ́ọ̀ sunkún bí ọmọdé. Àánú rẹ̀ kò ṣe mí lọ́jọ́ náà, kò sì tíì ṣe mí tó bó ṣe yẹ dòní. A sọ ọmọ náà ní Waliyullah. Falilat ló gbé e, òun ló ń fún un ní wàrà.

Nígbà tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tán, ó mú káàdì lọ sí ọsibítù. Akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀ ní ẹni tó ni káàdì yìí ti kú, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ìbá sọ? Bó bá ní òun rèé, wọ́n á bi í pé ta ni ẹ gbé kúrò níbí. Ó fi ẹsẹ̀ wálé. Ẹsẹ̀ náà wú, orí ń fọ́ ọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi èmi.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá láti ọ́fíìsì inṣọ́ránsì. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó kí Jímọ́ọ̀ kú ìfaradà, ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀. Ó ní ohun tó gbé òun wá ni pé àyè ìyàwó ti ṣófo lórí káàdì ilé yìí, ọdún kò sì tíì pé. Bí Alàgbà bá ní ìyàwó mìíràn, òun lè fi í rọ́pò olóògbé lójú ẹsẹ̀. Ó béèrè orúkọ rẹ̀.

Jímọ́ọ̀ wo ilẹ̀. Ó wo Falilat, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú.

"Misturah," ó ní.

Falilat gbé ọmọ fún mi. Ó tún hìjáàbù rẹ̀ ṣe, ó sì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí ọmọkùnrin náà ní kó dúró sí kí òun lè fi fóònù yà á. Ọmọkùnrin náà fi ọ̀wọ̀ bi í pé ṣé àwọn ni Misturah. Hùmúàní ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré lẹ́sẹ̀ mi. Ó gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀, ó dìde, ó sáré bọ́ sójú ọ̀nà láti wo ẹni tó ń bọ̀.

"Èmi ni," Falilat dá a lóhùn.