Ọ̀dà Funfun Nílé Olóko Ìrèké

Ní nǹkan bí ọdún 1991, ìjọ Aládùúrà kan ń jọ́sìn nínú ilé àtijọ́ kan lẹ́bàá títì Harrow Manorway ní London. Òyìnbó olóko ìrèké kan ló kọ́ ọ láyé òwò ẹrú. Òógùn àwọn adúláwọ̀ tó ń gé ìrèké ní Jàmáíkà ló di bíríkì rẹ̀. Mọ́wùnmí, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich, fẹ́ràn ilé náà bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí ẹni pè é lórúkọ ní London.

Kánsù wá ní àwọn máa wó o, àfi bí obìnrin kan tó mọ̀ nípa ilé àtijọ́ bá wá jẹ́rìí pé ó gbó tó ohun tó yẹ ní títọ́jú. Nígbà tí olùṣọ́àgùntàn wọn, Daddy Akínbọ́lá, kéde rẹ̀, "àlejò ń bọ̀" nìkan ni Mọ́wùnmí dì mú.

"Kí àlejò wá bá wa nínú ìdọ̀tí? Ká má rí i!"

Ni òun àti Keziah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ, bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead Town Centre, wọ́n ra ọ̀dà funfun bọ̀. Wọ́n kun ògiri, wọ́n kun àtẹ̀gùn, wọ́n kun ilẹ̀kùn, orin lẹ́nu, ọ̀dà nírun. Ilé ń kọ mànà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, Bíyìí, ọmọ ìjọ kan tó ń wa bọ́ọ̀sì, wọlé, ó káwọ́ lérí.

"Auntie Mọ́wùnmí! Arúgbó ni wọ́n fẹ́ wá wò, ẹ ti sọ ọ́ di ìkókó!"

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni obìnrin tó mọ̀ nípa ilé àtijọ́ náà dé. Ó wo ògiri láti ẹnu ọ̀nà, ó yínmú. "Ilé yìí mà tuntun o." Ó fẹ́ yí padà.

"Ẹ wọlé ná, mà," ni Keziah wí, "ṣùgbọ́n ẹ bọ́ bàtà. A kì í wọ̀ ọ́ wọlé Ọlọ́run."

Obìnrin náà bọ́ bàtà, ó gbẹ́sẹ̀ kan, ó dúró ṣánṣán. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra pákó ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ gbì, ó ń fọwọ́ pa á, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Ẹ̀mí ti gbé e!" ni Keziah kígbe. Ni agogo bá ń dún, ni wọ́n bá ń jó yí i ká, Mọ́wùnmí ló ń jó ṣíwájú.

"Ẹ dákẹ́ ná!" Ẹ̀rín ti gba ẹnu obìnrin náà. "Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ pákó yìí láyé àtijọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Màá ní kí wọ́n má wó o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kùn ún, ẹ̀yin lẹ máa ha á!"

Bí Mọ́wùnmí ṣe gun àkàbà nìyẹn, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lábẹ́ ọ̀dà ara ilẹ̀kùn, ìrèké tí wọ́n fín sára igi yọ jáde.

"Auntie, ẹ rọra o," ni Bíyìí wí nísàlẹ̀, "ẹ má ha ìrèké olówó jẹ."

"Àwọn tó gé e ò rí i jẹ," ni Mọ́wùnmí dáhùn. "Di àkàbà mú, jẹ́ n bá wọn jẹ ẹ́!"