Òjò Òkukù Inú Ìgò Kẹtàdínlógún

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi jẹ́wọ́: irọ́ mi kì í ṣe kékeré. Bí mo bá ní ẹja tí mo pa lódò Ọ̀tìn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ yáa lọ fi ìka ọwọ́ yín wọ̀n ọ́n. Èmi Ọláìtán, fọkanáísà ni mí ní Inísà. Mo fa atẹ́gùn sí táyà kan rí, ọkọ̀ náà fò kọjá Òkukù kó tó balẹ̀. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, àwọn ènìyàn a sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òjò ọdún 1992, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mi ò purọ́ mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tó máa mú mi fọwọ́ sí i pé mo purọ́.

Àǹtí Mofolúwakẹ́ Jọláyẹmí ló mú mi wọ ọ̀rọ̀ omi. Yunifásítì ló ti wá, ó ń ṣe ìwádìí tí wọ́n máa fi fún un lóyè. Ó gbẹ́ bèbè odò Ọ̀tìn títí ó fi kan amọ̀ dúdú, ó wá ń ṣa ìkarahun ìgbín odò nínú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa góòlù.

Mo ní, "Àǹtí, ẹran inú ẹ̀ ti tán o."

Ẹ̀rín pa á. Ó ní omi tí ìgbín odò ń mu ló fi ń kọ́lé ara rẹ̀, ilé yẹn kì í sì í gbàgbé. Bí òjò ṣe rí ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, yálà ọ̀dá ni o, yálà àkúnya ni o, ó wà nínú ìkarahun. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ òjò òní, kò lè ka òjò àtijọ́. Bọ̀ọ̀dá Ọláìtán, ẹ bá mi gba omi òjò sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko."

Bó ṣe là á yé mi nìyí, mo sì fi orí tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní Fọ́ọ̀mù Tuu gbà á wọlé. Omi méjì ló wà nínú omi kan: èyí tó wúwo díẹ̀ àti èyí tó fúyẹ́. Ojú ò rí i, ahọ́n ò mọ̀ ọ́n, àfi ẹ̀rọ kan báyìí lókè òkun ló lè wọ̀n ọ́n. Bí oòrùn bá ń lá omi, èyí tó fúyẹ́ ló ń kọ́kọ́ fò lọ, ìyókù a wá wúwo. Bí òjò bá sì ń rọ̀, èyí tó wúwo ló ń kọ́kọ́ já bọ́ láti ojú ọ̀run. Tí òjò bá wá rọ̀ rọ̀ rọ̀ tí kò dá, omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn á fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ.

Ó gbé ike mẹ́ta kalẹ̀, ó ki àrọ bọ ẹnu wọn. Ọ̀kan wà nílé àbúrò ìyá mi ní Ìkìrun, ọ̀kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀kan wà lágbàálá Ìyá Ojúọlá ní Òkukù. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú sápá ibì kan, mo ti wà lórí kẹ̀kẹ́. Bí òjò bá ti dá, kí n tó mí, mo gbọ́dọ̀ rọ omi náà sí ìgò méjì, kó kún dé ẹnu, kí n dé e pa, kí n fi àbẹ́là yíyọ́ dí ọrùn rẹ̀ kí oòrùn má baà rí i lá. Lẹ́yìn náà, kí n kọ iye òjò sínú ìwé. Nọ́ńbà ni Àǹtí fẹ́ níbẹ̀.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ Àìkú, òjò ká mi mọ́ Òkukù. Háà! Ike kún, ó wọ́ sílẹ̀, omi sì ń dà lẹ́nu àrọ títí ó fi dá. Mo rọ omi sí ìgò méjì, mo kọ nọ́ńbà kẹtàdínlógún sí wọn lára. Mo ṣí ìwé, mi ò rí iye òjò tí mo máa kọ. Mo bá kọ ọ́ pé: "Òjò tó gbé ewúrẹ́ Òkukù lọ kí àna rẹ̀ ní Ìbà."

Àṣìṣe mi nìyẹn.

Oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá Àǹtí, Dókítà Oyèwálé, fi Píjò wá bá wa lágbàálá Ìyá Ojúọlá, òun àti Àǹtí. Ó mú ìwé mi lọ́wọ́ kan, ó mú bébà tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́wọ́ kejì.

"Ìwọ ni Ọláìtán? Ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yìí?"

"Èmi ni, sà. Ewúrẹ́ náà ti padà dé."

Ìyá Ojúọlá bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀kán òjò kan ò kán ní Ìkìrun, ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Omi ìgò kẹtàdínlógún sì fúyẹ́ ju gbogbo omi tí mo ti rí lágbègbè yìí lọ. Ìwọ ò rí òjò gbà, o lọ bu omi níbi tó wù ọ́, o wá fi ìtàn bò ó. Fọwọ́ síbí pé o ṣe é."

Mo bi í pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí mo bá fọwọ́ sí i. Ó ní gbogbo ìgò mi, méjìlélógójì, á di dídànù, torí ẹni tó purọ́ lẹ́ẹ̀kan ti purọ́ tán. Àǹtí á tún bẹ̀rẹ̀. Mo wo Àǹtí. Ó ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ọdún mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti fún un ní gbèdéke. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó máa fún un lóyè nìyí, kò lè já a ní koro.

Ìyá Ojúọlá dìde. "Dókítà, ṣé ẹ ní òjò ò rọ̀ ní Òkukù? Òjò tó lẹ sùtánà mọ́ mi lára lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa! Ọsàn ìkórè ń léfòó kiri, wòlíì ń fi ẹsẹ̀ lásán lé e!"

"Màmá, ilé yín ni ike wà. Ọ̀kan náà ni yín."

"Èmi àti elékèé yìí? Olúwa má jẹ̀ẹ́!"

Ara mi ti gbóná. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, omi kànga Inísà, ṣé ó fúyẹ́ tó ti inú ìgò yìí?"

"Rárá."

"Odò Ọ̀tìn ńkọ́?"

"Ó wúwo jù ú lọ."

"Omi ẹ̀rọ?"

"Rárá."

"Tí mo bá wá bu èyíkéyìí tí mo gbé e sóòrùn ńkọ́?"

"Á túbọ̀ wúwo."

"Tí mo bá sè é?"

"Á wúwo."

"Kí ni mo wá fi rẹ́ yín jẹ, sà? Gbogbo ọ̀nà ìrẹ́jẹ tó wà láti Ìkìrun dé Òkukù, ìwúwo ló ń lọ. Ẹ fi ọ̀kan hàn mí tó ń lọ sí fífúyẹ́, kí n kọ́ ọ!"

"Òjò ò rọ̀ ní Ìkìrun."

"Ìkìrun kì í ṣe Òkukù! Ẹni eji bá rí leji ń pa. Èmi yìí, òjò ti pa apá ọ̀tún mi rí lójú ọ̀nà Inísà, kí apá òsì máa làágùn."

"Nọ́ńbà ò sí nínú ìwé rẹ."

"Ike ti kún, sà. Tí mo bá kọ nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn gan-an ni ì bá jẹ́ irọ́."

Ibẹ̀ ni Àǹtí ti gbé orí sókè. Ó ní, "Sà, ìgò méjì-méjì ni Bọ̀ọ̀dá Ọláìtán máa ń dí. Ìkejì wà lọ́dọ̀ mi, a ò tíì ṣí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n."

Dókítà na bírò sí mi. "Fọwọ́ sí i ná. Tí ìkejì bá bá ti àkọ́kọ́ mu, a ó fa bébà ya."

Mo gba bírò, mo dé e lórí, mo dá a padà fún un. "Rárá, sà. Ẹ kì í ní kí èèyàn jẹ́wọ́ olè kí ẹ tó tú àpò rẹ̀ wò. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n títí ẹ̀rọ náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọláìtán ò ní fọwọ́ sí i."

Ó ká bébà sápò, ó wọ Píjò rẹ̀.

Oṣù kẹfà ni èsì dé: bí ìgò kìíní ṣe fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkejì. Dókítà kò wá, kò sì tọrọ àforíjì. Àǹtí ló wá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ jòjòló: ìgò méjìlélógójì ló dúró. Ó ní ọ̀gá òun ní kí wọ́n sọ fún mi pé láti ìsinsìnyí, nọ́ńbà nìkan ni kí n máa kọ.

Mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé kó gbé ike tó tóbi wá."