Súìtì Ilé Epo

Ọdún méjìlélógún ni Verna Stidham fi wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé lórí àwọn òkè Kentucky, kò fi kọlu ajá rí. Ìdájí ló máa ń jí, á gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ, á sì máa kó ọmọ mọ́kànlélógójì jọ láti ilé dé ilé. Awakọ̀ mìíràn lè pẹ́. Verna kì í pẹ́.

Làkúrègbé ló bá a jà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, oríkèé ìka rẹ̀ wú, tí òtútù bá sì ti mú, àfi bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un níbẹ̀. Dókítà fẹ́ kọ oògùn ìrora tó le fún un, ó kọ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n bí lórí òkè yẹn tó máa bi í pé kí ló dé. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló sọ Rodney, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, di ẹni tó ń ta irinṣẹ́ baba wọn, òun náà ló sì pa á gbẹ̀yìn. Verna ti búra níbi sàréè pé irú rẹ̀ ò ní kan ẹnu òun.

Oneida, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló mú súìtì kan wá bá a nínú àpò tó ń dán gbinrin, wọ́n ya ewé àti èso sí i lára. Ilé epo Dewey tó wà ní ìkòríta ló ti rà á.

"Hẹ́ǹpù ni, ìbátan igbó tí kì í pani, kì í ṣe igbó fúnra rẹ̀," ni Oneida wí. "Tó bá jẹ́ igbó ni, ṣé Dewey á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣingọ́ọ̀mù kó máa tà á lójú ọlọ́pàá? Bù ú sí méjì, kó o jẹ ìdajì kan kó o tó sùn."

Verna wọ awò ojú, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò náà tán. Wọ́n ní ara hẹ́ǹpù ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ní èròjà tó ń pani bí ọtí ò ju bíńtín lọ nínú rẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó jẹ ìdajì, ó sì sùn bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìka rẹ̀ dẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Oneida.

Àpò kejì ló fa wàhálà. Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, ó bó ápù kún ìkòkò kan lórí iná títí ọwọ́ rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ má ṣeé ká mọ́. Ló bá jẹ odidi súìtì kan. Wákàtí kan kọjá, kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ó ní bóyá èyí ò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀, ó jẹ ìkejì. Kò mọ̀ pé èyí tí èèyàn jẹ kì í tètè ṣiṣẹ́ bí èyí tí èèyàn fà. Á kọ́kọ́ ba sínú ikùn ná, kó tó dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà tó dìde, ògiri ilé ìdáná ń sún mọ́ Verna, ó ń padà sẹ́yìn. Àyà rẹ̀ ń lù bíi pé wọ́n ń gúnyán níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí Clell ọkọ rẹ̀ máa fi wọlé láti ibi tó ti ń la igi, ilẹ̀ ló bá a, ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú ṣinṣin.

"Clell, mo ń kú lọ," ló wí. "Má jẹ́ kí ápù yẹn jóná o."

Clell gbé e sọ́kọ̀, ó di ọsibítù. Tamsin ni nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n wọlé. Verna ló fi bọ́ọ̀sì gbé e lọ síléèwé láti kékeré títí tó fi jáde. Ó bi Verna lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló jẹ, Verna ní ápù lásán ni. Ojú ló ń tì í. Clell ló ki ọwọ́ bọ kóòtù, ó fa àpò súìtì náà yọ, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì.

Tamsin wò ó, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ẹni kẹta lóṣù yẹn nìyí, àti pé ọ̀kan nínú wọn ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ó rò pé súìtì gidi ni. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ Verna láyà, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tí ara rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, Tamsin wá jókòó tì í.

"Mísì Verna, kì í ṣe rọpárọsẹ̀, ọkàn yín náà ò sì ní àrùn kankan. Ṣùgbọ́n igbó wà nínú ìtọ̀ yín."

"Mi ò mu igbó rí láyé mi."

"Mo mọ̀, mà. Ohun tó ń pani nínú igbó ló wà nínú súìtì yẹn, ó sì dà bíi pé ó pọ̀ ju iye tí wọ́n kọ lọ. Ẹ̀rọ ò mọ̀yàtọ̀."

"Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, Tamsin."

Tamsin ní kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ṣùgbọ́n ó ní ó lè tó oṣù kan kó tó kúrò lára pátápátá.

Lọ́jọ́ Sunday, Oneida gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo wá kí i. Ó ní kó máa mu omi dáadáa, kó sì panu mọ́. Àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n ń ṣe fáwọn awakọ̀, ó lè tó oṣù mẹ́fà kó tó kàn án. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ẹ̀ wọ Verna létí. Ọdún mẹ́ta péré ló kù kó fẹ̀yìn tì.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tó ti jẹ ìdajì súìtì lálẹ́, ó wa bọ́ọ̀sì kọjá ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọ Napier bíi pé ẹnikẹ́ni ò gbébẹ̀. Àkọ́bí wọn ló sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì, tó ń fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí Verna tó tẹ bíréèkì. Ó sọ fáwọn òbí wọn pé kùrukùru ni. Ó rò ó títí lọ́jọ́ Sunday yẹn, kò rántí kùrukùru kankan.

Àárọ̀ Monday, kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí ọkọ̀, ó pe Garland Noble, ọ̀gá àwọn awakọ̀, ó ní kó wá ẹlòmíràn sórí bọ́ọ̀sì òun. Lẹ́yìn náà ló lọ bá a ní ọ́fíìsì, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ti àwọn ọmọ Napier.

Garland fọwọ́ ra ojú. "Verna, òfin ò bi mí bóyá ilé epo lo ti rà á tàbí inú igbó. Mo ní láti gba kọ́kọ́rọ́ yìí. Kí ló dé tí o ò kàn dákẹ́?"

"Nítorí pé ọmọ yẹn lè bọ́ sábẹ́ táyà."

Garland nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́ náà.

Lọ́nà ilé, ó yà sọ́dọ̀ Dewey. Dewey ní ohun tí wọ́n kọ sára àpò lòun náà ń kà, òun ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ju oníbàárà lọ. Verna pe nọ́ńbà tó wà lára àpò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rọ nìkan ló ń dá a lóhùn. Ló bá kó ìyókù fún àwọn elétò ìlera. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó pè é: súìtì kan ṣoṣo ní ìlọ́po márùn-ún iye èròjà tó ń pani tí wọ́n kọ. Dewey kó ti iléeṣẹ́ yẹn kúrò lórí káńtà. Ó fi ti iléeṣẹ́ mìíràn sílẹ̀, ó ní àwọn yẹn ò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Inú bí Oneida. Ó ní Verna ti sọ òun di ẹni tó ń ta igbó lójú gbogbo ìjọ, kò sì dé ilé wọn títí Kérésìmesì fi kọjá. Verna ní tiẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn lórí oògùn olóró lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí òfin awakọ̀ ṣe wí, ó ń tọ̀ sínú ife nígbàkígbà tí wọ́n bá ní kó tọ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún tuntun, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un. Wọn ò dá ọ̀nà rẹ̀ padà. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ti gbà á. Òdì kejì òkè ni wọ́n fún un, ọmọ mẹ́rìnlá, ọ̀nà tí kò gbà rí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ti ń dúró ka orí àwọn ọmọ náà, kó má bàa fi ẹnì kankan sílẹ̀.