Ilé Mẹ́ta Tó Ṣẹ́kù

Ìyáàfin Awóníyì gbé fọ́ọ̀mù náà sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i. Ó ní nínú ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera àwọn rán lọ ṣe iṣẹ́ ìsìn ìlú káàkiri Ifẹ̀, ti Ìlódè ló gún régé jù. Ilé mẹ́tàlélógún ni wọ́n pín fún wọn, ilé mẹ́tàlélógún náà ni wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ wá, láìsí àlàfo kan.

Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹgbẹ́ náà. Roqeeb, olórí wọn, dìde díẹ̀, ó tẹrí ba. Sùmáyà rẹ́rìn-ín músẹ́. Sẹ̀gilọlá tó ṣe ìkẹta wọn ń wo bírò ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ náà sọ ohun tó mú kí àyà Sẹ̀gilọlá já. Èéyi ti wọ Ìlódè. Wọ́n ti dá ọmọ méjì dúró sí ilé ìwòsàn. Àwọn elétò ìlera ń bọ̀ wá gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́bọ̀, ṣùgbọ́n oògùn tó wà nílẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà fọ́ọ̀mù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Ilé tí wọ́n bá kọ sí pé ọmọ ibẹ̀ kò tíì gba abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa yà sí. Ilé tí wọ́n bá kọ sí pé ó ti pé, wọ́n máa fò ó títí oògùn mìíràn yóò fi dé, bóyá lóṣù tó ń bọ̀.

"Ṣé ẹ rí i báyìí pé iṣẹ́ yín kì í ṣe eré?" Ìyáàfin Awóníyì wí. "Ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wà nínú ìwé yìí."

Ṣùgbọ́n ogún ilé péré ni ẹgbẹ́ Roqeeb dé ní tòótọ́. Òjò ló ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà parí, wọ́n sì sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan tó wà ní títì. Roqeeb fẹ́ bá ọkọ̀ lọ sí Ìwó lọ́jọ́ náà, ó ń wo aago. Ó ní ilé mẹ́ta ló kù, pé kí ni wọ́n fẹ́ bá níbẹ̀ tí wọn kò bá nínú ogún tó kọjá. Sùmáyà ní òtútù ń mú òun. Kò sí ẹni tó fi ipá mú Sẹ̀gilọlá. Ọwọ́ rẹ̀ ni bírò wà, òun ló sì kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta: ó ti pé, ó ti pé, ó ti pé.

Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. "Alùfáà" ni wọ́n ń pè é nínú kíláàsì wọn láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú wo ìwé rẹ̀ nínú ìdánwò, òun náà kì í sì í wo ti ẹnikẹ́ni. Ó ti fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò sí lára òun.

Bí kíláàsì ṣe tú, kò dúró de àwọn méjì tó kù. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Marúwá, ó di Ìlódè. Ilé kọkànlélógún wà ní títì, ṣùgbọ́n aládùúgbò ní àpọ́n ló ń gbé ibẹ̀, kò bí ọmọ kankan. Nínú ilé kejìlélógún, bàbá arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló bá. Ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ kí ẹ̀kẹta náà rí bẹ́ẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àníkẹ́ jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, ó pọn ọmọbìnrin rẹ̀, Ìmísí, ọmọ oṣù mọ́kànlá, tó ń sùn. Àníkẹ́ á fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ju Sẹ̀gilọlá lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe rí aṣọ funfun kọ́lẹ́ẹ̀jì lára rẹ̀, ó dìde, ó ń pè é ní nọ́ọ̀sì, ó ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀.

Sẹ̀gilọlá tọrọ káàdì ọmọ. Ojú ibi tó yẹ kí wọ́n kọ abẹ́rẹ́ èéyi sí ṣófo. Àníkẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti gbé e lọ, tí wọ́n ní oògùn ti tán. Nígbà tí wọ́n wá kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ wá kọ orúkọ àwọn ọmọ tó kù, òun pa iṣẹ́ tì, òun dúró dè wọ́n.

"Mo rí yín lọ́jọ́ náà," ó wí. "Mo ti wẹ̀ fún un, mo ti wọ aṣọ fún un. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù òdìkejì yẹn lẹ dúró sí. Mo rí i tí ẹ ń kọ̀wé. Mo ní bí òjò bá dá, ẹ máa sọdá wá. Nígbà tí mo fi máa wolẹ̀ kí n wòkè, ẹ ti lọ."

Sẹ̀gilọlá dá káàdì náà padà fún un. Ikọ́ ọmọdé kan ń dún láti ẹ̀yìnkùlé. Àníkẹ́ ní ọmọ ilé ẹ̀yìn ni, pé láti ọjọ́ Àìkú ni nǹkan ti sú sí i lára, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n. Orí ẹní kan náà ni òun àti Ìmísí ti jọ ń ṣeré. Ó wá béèrè bóyá orúkọ Ìmísí máa wà nínú ìwé báyìí. Sẹ̀gilọlá ní òun máa padà wá.

Yàrá tí Roqeeb háyà ní àdúgbò Mayfair ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé nírọ̀lẹ́, Sẹ̀gilọlá sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Roqeeb rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Òun á lọ bá Ìyáàfin Awóníyì, òun á ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé náà ni, kí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà kún un. Ọmọ á gba abẹ́rẹ́, àwọn náà á gba èsì iṣẹ́ ìsìn tí wọ́n máa fi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìwó ti gbà á síṣẹ́, ìwé ẹ̀rí nìkan ni wọ́n ń dúró dè, ìyá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò.

Sẹ̀gilọlá mọ̀ pé ó lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó fẹ́ gbà. Bàbá òun náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́wálé, ti ń ka ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ máa jáde.

"Obìnrin yẹn ń wò wá, Roqeeb," ó wí níkẹyìn. "Ó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, ó ń wò wá bí mo ṣe ń kọ ọ́ pé ó ti pé."

"Ṣé ó mọ ohun tí o kọ ni?"

"Èmi mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ nìkan ni Ọlọ́run ń wò láyé yìí, àbí?" Roqeeb kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn ló sì le jù. "Bí o bá sọ ọ́, àwa mẹ́ta lo pa. Kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Sùmáyà ń sunkún. Sẹ̀gilọlá gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí Ìyáàfin Awóníyì tó fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́, Sẹ̀gilọlá ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó sọ ọ́ láìfi òjò ṣe àwáwí. Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì.

"Àwọn méjì tó kù ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, mà. Àwọn náà ní ẹnu tí wọ́n á fi sọ tiwọn."

Ìyáàfin Awóníyì fi bírò pupa fagi lé ìlà mẹ́ta náà, ó sì kọ orúkọ Ìmísí sí i. Ó ní orúkọ ẹni mẹ́ta ló wà lórí fọ́ọ̀mù, nítorí náà iṣẹ́ ìsìn ẹni mẹ́ta ló bàjẹ́. Wọ́n máa tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, wọn kò sì ní bá ẹgbẹ́ wọn jáde. Sẹ̀gilọlá dúpẹ́, ó fẹ́ dìde.

"Kò tíì tán," olùkọ́ rẹ̀ wí. "Lọ́la, wàá bá àwọn nọ́ọ̀sì lọ. Kì í ṣe èmi nìkan lo purọ́ fún."

Kó tó di ọ̀sán, Roqeeb ti gbọ́. Nígbà tí wọ́n pàdé lẹ́nu géètì, ó yà gba ẹ̀gbẹ́ kejì.

Lọ́jọ́bọ̀, Àníkẹ́ ti rí wọn lókèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún Ìmísí pé nọ́ọ̀sì àwọn ti dé. Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí kúlà abẹ́rẹ́. Ó ní lọ́jọ́ òjò yẹn, òun kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ ilé yìí ti gba abẹ́rẹ́, òun kò sì wọlé. Ó ní díẹ̀ ló kù kí wọ́n torí ìwé yẹn fo ilé náà lónìí. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun.

Ẹ̀rín kúrò lójú Àníkẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ lo kọ ọ́ pé ọmọ mi ti gbà á?"

Kò pè é ní nọ́ọ̀sì mọ́, ẹ̀yin sì ti di ìwọ.

"Èmi ni, mà."

"Mo jókòó síbí yìí. O sì kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Nọ́ọ̀sì àgbà ní kí Sẹ̀gilọlá bá òun di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Àníkẹ́ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní òun á dì í mú fúnra òun. Ìmísí ké, ó sì dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kí Àníkẹ́ máa ṣọ́ ara ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní abẹ́rẹ́ náà lè ti bá a lásìkò, ó sì lè ti pẹ́ díẹ̀, òun kò lè búra.

Sẹ̀gilọlá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí Àníkẹ́ pọn ọmọ rẹ̀ tán, tó so ọ̀já.

"Dìde," ó wí, kò wo ojú rẹ̀. "Ilé ẹ̀yìn yẹn, ọmọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣàìsàn. Kò sí ẹni tó kọ wọ́n sínú ìwé kankan rí. Lọ kọ wọ́n. Kí o wọlé o."

Sẹ̀gilọlá dìde. Ó gba fọ́ọ̀mù tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ké àgò, kò sí ẹni tó dáhùn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó tún ké àgò, ó sì dúró títí ohùn kan fi ní kó wọlé.