Àyè Kan fún Ọjọ́ Kan

Kó tó di aago méjì. Ọ̀gá ò sọ pé ìrọ̀lẹ́, kò sọ pé ọ̀la. Méjì. Aago kan ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú-ìwé mọ́kànlélógójì ló sì tò síwájú mi lórí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo wọn ń purọ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a ń gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Irọ́. Ọjọ́rú ni. Ó ti di Ọjọ́rú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òní sì ni Ìṣẹ́gun… Obìnrin mọ́kànlá ló dúró síwájú ilẹ̀kùn títì láàárọ̀ yìí, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lápá. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní ọ̀kan nínú wọn wọ ọkọ̀ méjì kó tó débẹ̀. Obìnrin náà na fóònù sí i lójú: ẹ wò ó, ìkànnì yín ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìkànnì ilé ìwòsàn. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀bi mi ṣá.

Ọ̀gá ní kí n tún gbogbo ẹ̀ ṣe, kí n sì kọ orúkọ ẹni tó fà á sórí ìwé pélébé kan, kí n gbé e wá. Ìwé ìkìlọ̀ ti wà lórí tábìlì ẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ tán, mo fojú ara mi rí i. Àlàfo orúkọ nìkan ló kù, ó funfun báláú. Ta ni n ó kọ? Ìyẹn ò le. Ẹni méjì ló tọ́ sí, wàhálà ibẹ̀ ò ju pé àlàfo kan ló wà.

Màmá nọ́ọ̀sì ná. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ọmọdé, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka wọn sórí ìkànnì. Ìka kan ló fi ń tẹ̀wé, bí ẹni ń yẹ irin wò bóyá ó ti gbóná. Ó fi ìka kan yẹn kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ sí ojú-ìwé méjìlélógójì. Ojú-ìwé ìgbóná ara. Ojú-ìwé ọmọ tuntun. Ojú-ìwé eyín ọmọ — kí ló kan abẹ́rẹ́ nínú ọ̀rọ̀ eyín? Nígbà tí ọjọ́ wá yí, ó yí i padà níbi ẹyọ kan, ó ká apá gbera. “Ọmọ mi, mo ti yí i padà o.” Ẹyọ kan! Tó bá jẹ́ pé báyìí ló ṣe ń ka oògùn…

Ó yọjú láàárọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. “Ọmọ mi, ṣé mo ba nǹkan jẹ́ ni?” Mo ní, ẹ óò rí i, màmá. Mi ò gbójú sókè.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Làpálàpá ni màmá. Ẹ̀tẹ̀ náà ni Ó-rọrùn.

Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ìwé ẹ̀rí mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ nínú gíláàsì, lára ògiri. Ohunkóhun tóo bá bi í, “ó rọrùn,” á wá fi wákàtí kan ṣàlàyé bó ṣe rọrùn tó. Òun ló gé gbogbo ètò ìkànnì yìí kó tó gba ibòmíì lọ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bí aṣọ ni. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ kan sórí ìkànnì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti pín in pé irú nǹkan báyìí báyìí ló wà: dókítà jẹ́ irú kan, ẹ̀ka jẹ́ irú kan, ìmọ̀ràn jẹ́ irú kan. Irú kọ̀ọ̀kan ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀, fọ́ọ̀mù ní àyè-àyè — ibí ni orúkọ, ibí ni àwòrán, ibí ni ọjọ́. Tí gígé bá ti wọ́, kò sí bóo ṣe rán an tí kò ní wọ́. Mi ò kà á nínú ìwé kankan. Ohun tí àwọn tó kàwé bà jẹ́ ni mo ń tún ṣe tí mo fi mọ̀ ọ́n.

Òun? Ó ya igun mẹ́rin-mẹ́rin sára ògiri, ó fi ọfà so wọ́n. Odindi òwúrọ̀ kan lórí kí ni à ń pè ní àkókò. “Ṣé àkókò dá dúró ni, àbí ara nǹkan míì ló wà?” Mo ń rẹ́rìn-ín sínú ife. Bàbá, aago mẹ́sàn-án ni. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣí.

Wá wo ohun tí gbogbo ọfà yẹn bí. Fọ́ọ̀mù ẹ̀ka: àyè kan fún ọjọ́. Ẹyọ kan! Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sì ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́. Ọjọ́ kìíní ti gba àyè ẹyọ yẹn; níbo ni ọjọ́ kejì, Ìṣẹ́gun tó wá di Ọjọ́rú yìí, á wọlé sí? Inú àlàyé, àyè gbàgẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ tó dà bí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ohun tí kò bá ti níbi tí à ń gbé e sí, ibẹ̀ là ń tì í sí. Tóo bá ti tì í síbẹ̀, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ọjọ́ ni mọ́. Ọ̀rọ̀ lásán ni lójú ẹ̀. Ojú la ó fi máa wá a, lọ́kọ̀ọ̀kan. Onímọ̀ sì ló ṣe èyí. Onígíláàsì mẹ́ta.

Orúkọ ẹ̀ ni n ó kọ. Ó kúkú ti lọ… Rárá, màmá ló wà nítòsí, òun ni ọ̀gá máa fẹ́… Mi ò mọ̀. Kí n kọ́kọ́ kó ẹ̀rí jọ ná. Ẹ̀rọ yìí kì í gbàgbé; ohun tí a bá ṣe sí fọ́ọ̀mù, ó ń to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́, wákàtí, pẹ̀lú àwòrán ojú ẹni tó ṣe é. Mo ṣí i. Mo lọ sísàlẹ̀ pátápátá, síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Òun nìyí, pẹ̀lú táì ẹ̀. Ó dá irú kan sílẹ̀: Ìgbà Ìtọ́jú. Ó dá dúró. Ọjọ́, wákàtí, yàrá. Ẹ̀ka kan lè ní méjì, ó lè ní mẹ́wàá. Ojú-ìwé tó bá fẹ́ ẹ á kàn nawọ́ sí i. Tóo bá yí i padà lójú kan, ó yí níbi gbogbo…

Ó yí níbi gbogbo.

Dúró ná. Níbo ló wà wàyí?

Ó wà lókè díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó lọ. Ìgbà Ìtọ́jú — a ti yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́, àyè kan — a ti fi kún un. Àwòrán róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ yẹn. Màmá fa àga tì mí, awò ojú ẹ̀ lórí gèlè iṣẹ́. Ó ní fèrèsé mẹ́ta lòun ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà kóun tó lè kọ aago mẹ́sàn-án. Mo ní kó má dá ọkùnrin yẹn lóhùn, ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì kan. Ó ti lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ò pé. Màmá wojú fọ́ọ̀mù náà, ó ní:

“Ọmọ mi, tó bá wá jẹ́ ọjọ́ méjì ńkọ́?”

Èmi sì — mi ò gbójú sókè nígbà yẹn náà.

“Màmá, ẹ kàn kọ ọ́ sínú àlàyé. Gbogbo ibi tó bá ti yẹ.”

Gbogbo ibi tó bá ti yẹ. Ó lọ, ó kọ ọ́. Ó rò ó pé ìyá tó ń wá ọ̀rọ̀ eyín ọmọ lè má tíì gbé e wá gba abẹ́rẹ́. Ó fi ìka kan kọ ọ́ níbi méjìlélógójì, nítorí pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀bùn rí ikú ọkọ, ó tìràn mọ́ ọn.

Mo ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán róbótó yẹn. Ẹnu apá kan. Mo mọ ẹ̀rín náà, òun ni mo ti ń rín láti àárọ̀.

Aago kan àbọ̀. Ojú-ìwé mọ́kànlélógójì, mi ò tíì fọwọ́ kan ẹyọ kan. Ìwé pélébé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Orúkọ kan ló gbà, tèmi sì ni.